Bí a ṣe ń wọn kábọ́ọ̀nù-13 inú ewé àgbàdo láti mọ ìyàtọ̀ ẹ̀yà kan sí èkejì

Ìyàtọ̀ tí à ń wá nínú iṣẹ́ yìí, kí a lè mọ ẹ̀yà tó ń fi omi díẹ̀ kọ́ ara púpọ̀, kéré gan-an. Ewé àgbàdo tó bá dàgbà nínú oòrùn tó péye, iye δ13C rẹ̀ (bí kábọ́ọ̀nù-13 inú rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí ti òdiwọ̀n kan, tí a ń kọ ní ‰, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún) kì í sábà jáde kúrò láàárín −11 ‰ sí −14 ‰. Bí ẹ bá wá gbin oríṣiríṣi ẹ̀yà sínú oko kan náà lọ́jọ́ kan náà, ohun tó máa ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ lè má ju 0.5 ‰ lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀rọ tí à ń lò lè fi nǹkan bí 0.1 ‰ ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pé kó má gbójú lé ẹ̀rọ olówó gọbọi yẹn. Ọwọ́ ẹni tó já ewé, tó sá a, tó sì lọ̀ ọ́ ni èsì wà.

Ohun tí iye náà ń sọ

Oríṣi kábọ́ọ̀nù méjì tí kì í jẹrà ló wà nínú ewé: kábọ́ọ̀nù-12, tó kó nǹkan bí 98.9 nínú ọgọ́rùn-ún, àti kábọ́ọ̀nù-13, tó wúwo jù ú lọ díẹ̀, tó kó 1.1 tó ṣẹ́kù. A máa ń fi ìpín méjèèjì wé òdiwọ̀n kan, a ó sì kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Òdiwọ̀n àkọ́kọ́ ni ẹran inú òkun ayé àtijọ́ kan tó ti di òkúta, belemnite, tí wọ́n wà jáde ní Pee Dee ní South Carolina, ní Amẹ́ríkà. Òkúta náà ti tán tipẹ́. VPDB ló rọ́pò rẹ̀, ìlú Vienna sì ni V tó wà níwájú orúkọ náà dúró fún.

Iye tó bá ní àmì ìyọkúrò ń sọ pé kábọ́ọ̀nù-13 inú ewé kéré sí ti òdiwọ̀n. Ewé tó wà ní −11 ní kábọ́ọ̀nù-13 ju èyí tó wà ní −13 lọ. Ẹ jẹ́ kí èyí mọ́ yín lára kí ẹ tó tẹ̀síwájú, nítorí ọ̀rọ̀ “ó ga” àti “ó rẹlẹ̀” máa ń dàrú mọ́ èèyàn lẹ́nu tí gbogbo iye bá wà lábẹ́ òdo. Èmi kì í lo méjèèjì mọ́. “Ó sún mọ́ òdo” tàbí “ó jìnnà sí òdo” ni mo máa ń sọ.

Ẹ̀gẹ́, ìrẹsì, ẹ̀wà àti àlìkámà máa ń wà lápá −27 ‰. Àgbàdo, ọkà bàbà àti ìrèké wà lápá −12. Ẹ́ńsáìmù, èròjà inú ewé tó ń mú iṣẹ́ ara rẹ̀ ṣe, ló fa èyí. Rubisco, tó ń so kábọ́ọ̀nù mọ́ ara ewéko, a máa ṣa oúnjẹ jẹ: kábọ́ọ̀nù-12 ló wù ú, ó sì máa ń ti 13 sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú àlìkámà, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, èyí tó bá kọ̀ a bá ihò ewé jáde padà sínú afẹ́fẹ́. Ti àgbàdo yàtọ̀. PEP carboxylase, ẹ́ńsáìmù mìíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣàṣàyàn, ló ń gba kábọ́ọ̀nù lẹ́nu ọ̀nà, tí wọ́n á sì tì í wọnú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó yí iṣan ewé ká, níbi tí Rubisco wà. Yàrá àhámọ́ ni ibẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé síwájú Rubisco ló máa jẹ, àfi díẹ̀ tó bá jò jáde. Jíjò yìí ni àwọn onímọ̀ ń kọ ní φ.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì yìí náà ni wọ́n fi ń mú àwọn tó ń fi omi ṣúgà àgbàdo lú oyin, nítorí oyin gidi sábà máa ń wà lápá −25, ṣúgà àgbàdo sì wà lápá −10. Èyí rọrùn, kódà ẹ̀rọ tí kò dára tó lè rí i. Ti àárín àgbàdo sí àgbàdo ló ń fẹ́ ojú inú.

Àgbàdo kì í ṣe àlìkámà

Ọ̀pọ̀ ìwé tí ẹ máa kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, àlìkámà ni wọ́n fi kọ ọ́. Nínú àlìkámà, bí omi bá wọ́n, ewé a pa ihò rẹ̀ dé, CO2 (afẹ́fẹ́ tó gbé kábọ́ọ̀nù wọlé) inú rẹ̀ a dín kù, Rubisco kò ní rí ààyè ṣàṣàyàn mọ́, iye δ13C a sì sún mọ́ òdo. Ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà yan àlìkámà Drysdale, tí wọ́n mú jáde ní Ọsirélíà ní 2002 fún ilẹ̀ tí òjò ti ṣọ̀wọ́n. Ẹni tó bá gbé òfin yìí wọ oko àgbàdo bó ṣe wà, òdì ló máa kà.

Ìlànà ti àgbàdo, èyí tí Graham Farquhar, onímọ̀ ewéko ará Ọsirélíà, gbé jáde ní 1983, rí báyìí ní ooru 25 °C:

Δ = 4.4 + (−5.7 + 28.2 × φ − 4.4) × Ci/Ca

Δ ni bí ewéko ṣe kọ kábọ́ọ̀nù-13 tó. Ci/Ca ni CO2 tó wà nínú ewé tí a fi ti ìta pín. Ẹ fi 0.25 sípò φ, iye tó bójú mu fún àgbàdo tí ara rẹ̀ le. Ohun tó wà nínú àkámọ́ á di nǹkan bí −3. Bí Ci/Ca bá jẹ́ 0.4, Δ á jẹ́ 3.2. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá mú kí ihò ewé dí, tí Ci/Ca wálẹ̀ sí 0.3, Δ á gòkè sí 3.5. Ìyẹn ni pé àgbàdo tí òǹgbẹ ń gbẹ a máa jìnnà sí òdo, nígbà tí àlìkámà ń sún mọ́ ọn. Ẹ tún wo bí ó ti kéré tó: gbogbo ìpọ́njú yẹn, 0.3 ‰ péré ló fi hàn.

Bí jíjò bá pọ̀ dé nǹkan bí 0.36, ohun inú àkámọ́ á di òdo, Δ kò sì ní dá Ci/Ca mọ̀ mọ́. Bó bá kọjá ibẹ̀, àgbàdo á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí àlìkámà. Òjìji àti àìtó náítírójìn lè gbé jíjò yìí sókè. Nítorí náà, oko tí a kò fún ní ajílẹ̀ dọ́gba lè fi ìyàtọ̀ ilẹ̀ hàn yín, kí ẹ sì máa pè é ní ìyàtọ̀ ẹ̀yà.

Ìgbésẹ̀ 1: yíyan ẹ̀yà àti títo oko

Ẹ lo ẹ̀yà tí wọ́n ti fi ìyẹ̀fun òdòdó tirẹ̀ gbà fún òun fúnra rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìran, tí ọmọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyá. Bí ẹ bá lo èyí tó ṣì ń yí padà, igi àgbàdo méjì nínú poro kan náà lè yàtọ̀ síra ju ẹ̀yà méjì lọ. Ẹ fi ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní B73 sí i. Láti Iowa ní Amẹ́ríkà ló ti wá, òun ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ gbogbo àkọsílẹ̀ jíìnì rẹ̀ jáde ní 2009, òun náà sì ni wọ́n mú pọ̀ mọ́ ẹ̀yà 25 mìíràn láti oríṣiríṣi ibi láyé láti bí nǹkan bí 5,000 ọmọ tí àwọn onímọ̀ fi ń wá ibi tí jíìnì kan wà. Iye yín yóò ṣeé fi wé ti àwọn ẹlòmíràn tó bá wà nínú oko yín.

Ẹ pín oko sí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin ó kéré tán, kí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan wà nínú búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké fún ipò rẹ̀. Ẹ gbin B73 sí ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú búlọ́ọ̀kù kan, kí ẹ lè mọ bí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń yí iye náà padà. Poro etí oko, ẹ fi í sílẹ̀: oòrùn àti omi tó ń rí kì í ṣe ti àárín. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ ṣe é ní ibi méjì tàbí ọdún méjì.

Ìgbésẹ̀ 2: afẹ́fẹ́ tí àgbàdo ń mí

Ohun tí ewéko bá mí sínú ni yóò fi kọ́ ara rẹ̀. CO2 ojú ọ̀run wà ní nǹkan bí −8.5 ‰ lóde òní. Kí ayé tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó èédú àti epo rọ̀bì, apá −6.5 ló wà, ó sì ń lọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Fún ìdí èyí, ẹ má fi ewé tí wọ́n já ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn wé ti òní láìkọ́kọ́ sọ méjèèjì di Δ.

Ilé gíláàsì ni kí ẹ bẹ̀rù jù. Èémí àwọn tó ń wọlé jáde, ẹ̀rọ amúlégbóná tó ń jó gáàsì, àti CO2 inú sílíńdà tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wá láti inú epo, gbogbo wọn ni kábọ́ọ̀nù-13 wọn kéré ju ti ìta lọ fíìfíì. Ìkòkò tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn àti èyí tó wà ní kọ̀rọ̀ kò mí afẹ́fẹ́ kan náà. Ẹ máa yí ìkòkò ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí ẹ má sì da iye inú ilé pọ̀ mọ́ ti inú oko.

Ìgbésẹ̀ 3: ewé wo?

Kábọ́ọ̀nù inú ewé wọlé nígbà tí ewé náà ń dàgbà. Bó bá ti dàgbà tán, ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé lẹ́yìn náà kì í fi bẹ́ẹ̀ yí i padà. Ẹni tó dá omi dúró lónìí, tó wá já ewé tó ti gbó lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtàn ìgbà tí omi ṣì pọ̀ ló ń kà.

Àwọn ewé àkọ́kọ́ kò dára, torí oúnjẹ inú irúgbìn wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ara wọn. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ náà kò dára: òjìji bò wọ́n, wọ́n sì ń mí lára CO2 tí ilẹ̀ àti gbòǹgbò ń tú jáde. Ààyò mi nínú oko ni ewé tí ọmọ àgbàdo yọ ní abíyá rẹ̀, kí a já a nígbà tí ìrùkẹ̀rẹ̀ orí bá ti jáde. Kò sẹ́ni tó lè ṣi ewé yẹn mú, bó ti wù kí ẹ̀yà náà ga tàbí kó kúrú tó. Fún àgbàdo inú ìkòkò tí kò tíì dàgbà, ẹ mú ewé tó wà lókè jù lọ nínú àwọn tí ọrùn wọn, ibi tí ewé ti pàdé igi, ti hàn.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ẹ̀yà tó tètè yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ kọ́ ewé rẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ rí bákan, èyí tó pẹ́ kọ́ tirẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn kan máa ń já gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti yẹra fún èyí, ṣùgbọ́n nígbà náà ọjọ́ orí ewé kò ní dọ́gba. Èmi fara mọ́ ipò ewé ju ọjọ́ lọ, màá sì kọ ọjọ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan yọ ìrùkẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí n lè fi í kún ìṣirò.

Ẹ já a lára igi mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú poro kan, ẹ gé àárín gbùngbùn ewé, ẹ yọ eegun àárín rẹ̀ kúrò, kí iye tí ẹ mú lára igi kọ̀ọ̀kan dọ́gba. Ẹ parí búlọ́ọ̀kù kan kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn. Bí òjò bá dá iṣẹ́ dúró láàárín búlọ́ọ̀kù, ìyàtọ̀ ọjọ́ ti wọnú ìyàtọ̀ ẹ̀yà nìyẹn.

Ìgbésẹ̀ 4: gbígbẹ àti lílọ̀

Àpò pépà ni kí ẹ kó o sí. Nínú ọ̀rá, ewé á làágùn, á sì bu. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ sí i lára, torí omi máa ń fọ yíǹkì dànù. Ẹ gbé e sínú ààrò 60 sí 65 °C fún wákàtí 48 sí 72, lọ́jọ́ kan náà tí ẹ já a, nítorí ewé tí ẹ ti já ṣì ń mí, ó sì ń jẹ ṣúgà inú ara rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ lọ̀ ọ́ títí á fi kúnná bí àtíkè. Ohun tí ẹ̀rọ máa jó kò ju mìlígíráàmù kan sí méjì lọ, ìyẹn sì gbọ́dọ̀ dúró fún ewé igi mẹ́rin. Bí àwọn okùn kéékèèké bá ṣì hàn nínú rẹ̀, wíwọ̀n lẹ́ẹ̀mejì á mú iye méjì wá.

Níbí ni mo ti jìyà jù. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, mo gba ẹ̀rọ ìlọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ àlìkámà tán, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, mo rò pé ó ti mọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni gbogbo àgbàdo mi jìnnà sí òdo, wọ́n sì ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń lọ̀ lọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹ̀fun tó wà ní −12.5 bá jẹ́ àlìkámà tó wà ní −27.5, iye náà á di −13.25. Ìyẹn ju ìyàtọ̀ tí mò ń wá lọ. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ewé àgbàdo tí n kò nílò lọ̀ nínú ẹ̀rọ náà kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá dà á nù, màá sì nù ún láàárín ẹ̀yà kan sí èkejì. Bí ẹ bá ní agbára ẹ̀rọ tí ẹ kò fi lọ nǹkan mìíràn rárá, ó tún dára jù.

Ìgbésẹ̀ 5: wíwọ̀n sínú kápúsù

Nǹkan bí 1 sí 2 mìlígíráàmù, nínú kápúsù tin kékeré, lórí òṣùwọ̀n tó lè ka ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlígíráàmù. Kí gbogbo rẹ̀ súnmọ́ra ní ìwọ̀n. Ẹ fi ẹ̀mú mú un, ẹ má fi ìka kàn án. Òróró ara èèyàn ní kábọ́ọ̀nù nínú. Ẹ ká a títí á fi rí róbótó, ẹ jù ú sórí nǹkan dúdú tó mọ́: bí ìyẹ̀fun bá hàn níbẹ̀, ó ń jò, ẹ tún òmíràn ṣe. Ẹ tò ó sínú àwo oníhò 96, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké fún ipò inú àwo náà bí ẹ ti ṣe nínú oko. Mo ti rí ẹni tó to ẹ̀yà kan tán kó tó to èkejì. Nígbà tí ẹ̀rọ yẹsẹ̀ lọ́sàn-án, ó di ọ̀rọ̀ ẹ̀yà.

Ìgbésẹ̀ 6: ẹ̀rọ àti òdiwọ̀n

Kápúsù máa bọ́ sínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,000 °C, wọ́n á fún un ní ọ́síjìn, tin á gbiná, gbogbo kábọ́ọ̀nù ewé á di CO2. Afẹ́fẹ́ hílíọ́ọ̀mù á gbé e kọjá níbi tí wọ́n ti ń gba omi kúrò lára rẹ̀, á wọnú mass spectrometer, ẹ̀rọ tí yóò ka àwọn CO2 tó wúwo tó 44, 45 àti 46 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ yìí. Yàrá iṣẹ́ tó ní i là ń fi àwo ránṣẹ́ sí. Ẹ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ wọn: òdiwọ̀n wo ni wọ́n ń lò, àti lẹ́yìn ewé mélòó ni wọ́n ń fi í sí i.

Òdiwọ̀n méjì tí a ti mọ iye wọn ló yẹ, ọ̀kan lápá ọ̀tún iye yín, ọ̀kan lápá òsì. IAEA-CH-6, tó jẹ́ ṣúgà, wà ní −10.45 ‰, USGS40, tó jẹ́ glutamic acid, wà ní −26.39 ‰. Àgbàdo bọ́ sáàárín wọn. Ẹ tún lọ ewé àgbàdo rẹpẹtẹ fún ara yín, kí ẹ máa fi ọ̀kan nínú rẹ̀ sí ẹ̀yìn ewé mẹ́wàá mẹ́wàá nínú gbogbo àwo. Iye rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ yí padà láti àwo kan sí èkejì. Bó bá fi 0.3 yí, ẹ dá àwo náà padà, ẹ má bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ìgbésẹ̀ 7: ìṣirò

Ká ní ẹ̀rọ ka CH-6 sí −10.25, ó sì ka USGS40 sí −26.10. Àlàfo tó yẹ kó wà láàárín wọn jẹ́ 15.94, èyí tí ẹ̀rọ rí jẹ́ 15.85. Ẹ pín 15.94 pẹ̀lú 15.85, ẹ máa rí 1.0057. Ẹ fi í sọ iye ewé di púpọ̀, ẹ sì yọ 0.14 kúrò kí CH-6 lè padà sí ibi tó yẹ. Ewé tí ẹ̀rọ kà sí −12.00 á di −12.21.

Láti gba Δ, ẹ yọ iye ewé kúrò nínú iye afẹ́fẹ́, ẹ wá fi 1 tí a ti fi ìdá ẹgbẹ̀rún iye ewé kún pín in. Bí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ −8.5, tí ewé sì jẹ́ −12.3, ó di 3.8 tí a fi 0.9877 pín, ìyẹn 3.85 ‰.

Ìgbésẹ̀ 8: kíka èsì

Kí ẹ tó wo ẹ̀yà kankan, ẹ wo B73 tó wà káàkiri oko. Bí òun nìkan bá fi 0.8 ‰ yàtọ̀ síra láti igun kan sí èkejì, ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá pín gbogbo ìyàtọ̀ sí ti ẹ̀yà, ti búlọ́ọ̀kù, ti ibi tàbí ọdún, àti ìyókù tí a kò mọ ibi tó ti wá. Ìpín tó jẹ́ ti ẹ̀yà nìkan ló ṣeé jogún. Àwọn tó ti ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ti fi hàn pé ìpín náà wà lóòótọ́ nínú àgbàdo, àti pé ibi tó fara pamọ́ sí nínú jíìnì kò mọ sí ẹyọ kan. Ẹ tún to ẹ̀yà láti èyí tó sún mọ́ òdo jù sí èyí tó jìnnà jù ní ibi kìíní, ẹ tò ó ní ibi kejì. Bí ètò méjèèjì kò bá jọra, ẹ má yan ẹ̀yà kankan lórí rẹ̀.

Bí wọ́n bá jọra, ẹ mú ẹ̀yà mẹ́ta láti etí kan, mẹ́ta láti etí kejì, àti B73, kí ẹ gbìn wọ́n sínú ìkòkò. Ẹ fi ọ̀rá bo ojú ilẹ̀ ìkòkò kí omi má lè gba ibòmíràn jáde àyàfi ara ewé, ẹ máa wọn ìkòkò lójoojúmọ́, ẹ máa dá omi tó bá lọ padà, kí ẹ sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹ gé àgbàdo náà, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi omi tó mu pín ìwọ̀n rẹ̀. Bí òye inú ìlànà yẹn bá tọ̀nà, tí jíjò kò sì yàtọ̀ láàárín wọn, àwọn tó jìnnà sí òdo ni yóò fi omi díẹ̀ kọ́ ara púpọ̀. Bí ẹ̀yà kan bá jìnnà sí òdo, àmọ́ tó ń mu omi bí ẹni tí kò rí omi rí, φ rẹ̀ ni kí ẹ fura sí: ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń wọn èémí ewé tọ̀ ọ́ lọ, kí ẹ sì ka Ci/Ca rẹ̀ ní tààrà.